Bí alágbẹ̀dẹ ará Jámánì kan ṣe sọ ìbọn ogun abẹ́lé Làìbéríà di igi àlàáfíà ní Monrovia

Láàrin odò Mesurado, ní Monrovia tó jẹ́ olú ìlú orílẹ̀-èdè Làìbéríà, erékùṣù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Providence Island. Ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn oko ẹrú gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1822. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé igi kan sí tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tí òjò kò lè mú hù, tí ẹ̀ẹ̀rùn kò sì lè gbẹ ewé rẹ̀.

Irin ni igi ọ̀hún láti òkè délẹ̀. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, yóò rí i pé kì í ṣe irin tí wọ́n rà lọ́jà. Àjákù ìbọn ni wọ́n jó pọ̀ tó fi di igi: ìbọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ja ogun abẹ́lé Làìbéríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989 tó sì parí lọ́dún 2003.

Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni Manfred Zbrzezny, oníṣẹ́ irin ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó fi Monrovia ṣe ibùgbé. Ìtàn igi yìí kọjá ìtàn ẹnì kan tó mọ irin í lù. Ó jẹ́ ìtàn bí orílẹ̀-èdè kan ṣe gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, bí ó ṣe run ún, àti ìbéèrè tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìbọn ti di ọnà.

Ta ni Manfred Zbrzezny?

Lẹ́yìn tí ogun ti rọlẹ̀ ni Zbrzezny fìdí kalẹ̀ sí Monrovia, tó sì dá ilé iṣẹ́ irin kan sílẹ̀ tó pè ní Fyrkuna Metalworks.

Ìlú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun kì í ṣaláìní iṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ. Ilé tó jó ń fẹ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé ń fẹ́ irin ìdáàbòbò, ilé ìtura tó fẹ́ tún ṣí ń fẹ́ àga àti tábìlì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní Làìbéríà nígbà náà tí kò wọ́pọ̀ ní ilé àrọ yòókù lágbàáyé: àjákù ìbọn tí wọ́n ti gé, tí ẹnikẹ́ni ò lè yìn mọ́.

Àjákù yìí ni Zbrzezny bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ọnà. Ó fi ṣe ọ̀pá fìtílà, ó fi ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbé ìwé ró lórí pẹpẹ, ó sì fi ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò. Lẹ́yìn èyí ló wá kan àwọn ère ńlá tó ń dúró níta gbangba, tí igi Providence Island jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2013, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn àgbáyé ti ń gbé ìròyìn nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí ìròyìn náà fi tàn ká kò ṣòroó mọ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ Làìbéríà fún ọdún mẹ́rìnlá ni ogun, àwòrán tí wọ́n sì máa ń rí láti ibẹ̀ ni ọmọdé tó gbé AK-47 dání. Nígbà tí AK-47 kan náà wá di ẹ̀ka igi, kò sẹ́ni tí kò ní fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́.

Báwo ni ìbọn ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Làìbéríà?

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1989, tó jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ni ikọ̀ ọlọ́tẹ̀ NPFL tí Charles Taylor ń darí gba ẹnubodè Côte d'Ivoire wọ ẹkùn Nimba. Ààrẹ tó wà lórí àlééfà nígbà náà ni Samuel Doe, ológun tó fipá gba ìjọba lọ́dún 1980.

Láàrin oṣù mélòó kan, ogun náà ti dé Monrovia. Ní oṣù Keje ọdún 1990, wọ́n pa nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà èèyàn tó sá sí ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's Lutheran ní àdúgbò Sinkor. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ikọ̀ ọlọ́tẹ̀ mìíràn tí Prince Johnson ń darí mú Doe, wọ́n sì pa á.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn yìí fún wọn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni ikọ̀ ọmọ ogun ECOMOG tí àjọ ECOWAS gbé kalẹ̀ dé èbúté Monrovia, Nàìjíríà ló sì kó ọmọ ogun jù lọ sínú rẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìlọrin àti Èkó tí bàbá wọn lọ sí Làìbéríà tí kò padà wá. Àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà méjì, Krees Imodibie ti ìwé ìròyìn The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion, lọ ròyìn ogun náà lọ́dún 1990, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀.

Àwọn ará Làìbéríà náà sì sá wá sílẹ̀ Yorùbá. Ní Òrù, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ gbọ́ Yorùbá kí wọ́n tó mọ bí Monrovia ṣe rí.

Lọ́dún 1997, wọ́n dìbò, Taylor sì di ààrẹ. Ṣáájú ìbò náà, ECOMOG ti gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Ní oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun àwọn ohun ìjà ọ̀hún ní gbangba, níwájú àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn èèyàn rò pé ogun ti di ìtàn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1999 kan náà ni ikọ̀ ọlọ́tẹ̀ tuntun, LURD, gbé ogun dé láti ìhà àríwá. Ìbọn àtijọ́ jóná, ìbọn tuntun sì gba ẹnubodè wọlé. Nígbà tí ogun kejì fi máa parí lọ́dún 2003, iye tí wọ́n sábà máa ń dá lé àwọn tó kú nínú ogun méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 250,000, nínú orílẹ̀-èdè tí iye èèyàn rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ nígbà náà.

Ohun tí ọdún 1999 fi hàn ni pé iná kan ṣoṣo kò tó láti pa ìbọn run. Èyí ló mú kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2003 àti 2004 ṣe pàtàkì.

'Mú ìbọn wá, kí o gba owó'

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Taylor fi ipò sílẹ̀, ó sì gba Calabar ní Nàìjíríà lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n buwọ́ lu àdéhùn àlàáfíà ní Accra, olú ìlú Gánà. Àwọn obìnrin Làìbéríà tí Leymah Gbowee jẹ́ ọ̀kan lára adarí wọn, tí wọ́n wọ aṣọ funfun jókòó lábẹ́ oòrùn àti òjò, wà lára ohun tó fipá mú àwọn ọkùnrin tó gbébọn wá sídìí tábìlì. Gbowee àti Ellen Johnson Sirleaf, tó di ààrẹ lọ́dún 2006, wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tó jọ gba àmì ẹ̀yẹ Nobel fún àlàáfíà lọ́dún 2011.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UN, gbé ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀ tí wọ́n ń pè ní UNMIL kalẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ láti kó ọmọ ogun tó tó 15,000 jọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni láti gba ìbọn. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ rọrùn: ẹni tó bá jagun, tó kó ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀, yóò gba 300 dọ́là ní ìdá méjì, yóò sì ní àǹfààní láti lọ kọ́ṣẹ́ tàbí padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní bárékè Schieffelin, tí kò jìnnà sí Monrovia. Èrò tó wá ju èyí tí wọ́n múra sílẹ̀ dè lọ fíìfíì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó, àwọn tó yẹ kó fi ìbọn sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín káàkiri ìgboro, ẹ̀mí sì sọnù. Láàrin ọjọ́ mélòó kan péré, UNMIL dá iṣẹ́ náà dúró. Oṣù Kẹrin ọdún 2004 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ kí ọdún náà tó pé.

Iye tí wọ́n kó jọ nígbà tí wọ́n parí ló mú àríyànjiyàn wá. Ṣáájú, wọ́n ti ṣírò pé nǹkan bí 38,000 ni àwọn tó jagun. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jagun lé ní 103,000. Lára wọn, àwọn ọmọdé lé ní 10,000, àwọn obìnrin sì lé ní 20,000. Ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n gbà jẹ́ nǹkan bíi 28,000 péré, pẹ̀lú ọta ìbọn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà.

Ìyẹn ni pé bí èèyàn mẹ́rin bá wá, ìbọn kan péré ló ń bá wọn wá. Apá kan àlàyé rẹ̀ ni pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹni tó bá mú àádọ́jọ ọta ìbọn wá náà lè forúkọ sílẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé tó bá àwọn jagunjagun gbé sì lè wọlé láìmú ohun ìjà dání. Àwọn ọ̀gá ogun kan tún pín ọta fún àwọn tí kò jagun rí, kí wọ́n lè jọ pín owó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn nígbà náà ò kúrò ńlẹ̀: ìbọn tó kù dà?

Àwọn tí wọ́n gbà, wọ́n run ún. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n yọ igi ìdí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di pàǹtírí irin. Láti inú òkìtì irú pàǹtírí yìí ni igi Providence Island ti jáde.

Báwo ni ìbọn ṣe ń di ère?

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wẹ́dà yóò mọ̀ pé irin ìbọn kì í ṣe irin yẹpẹrẹ. Ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ le tó láti gba agbára etù àti ooru ọta nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìfọ́. Nítorí náà, ó le ju irin tí wọ́n fi ń kan géètì lọ dáadáa. Ó máa ń gba iná tó gbóná gan-an kí alágbẹ̀dẹ tó lè tẹ̀ ẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti rí i dájú pé ìbọn náà ti kú. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé ọ̀pá rẹ̀ àti ibi tí ọta ń wọ̀, débi pé kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè tò ó padà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ abúlé ti ń rọ ìbọn ṣakabùlà láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún èyí tó bà jẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà ni yíyan. Ìbọn kan ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà: ọ̀pá gígùn, sípíríǹgì, ìwọ̀ tí wọ́n ń fà kó tó dún, àpò ọta tó tẹ̀ bí ìwo àgbò. Oníṣẹ́ ọnà yóò tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò wò ó títí, yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ. Ọ̀pá lè di ìtì tàbí ẹ̀ka, irin pẹlẹbẹ lè di ewé.

Yorùbá máa ń sọ pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ báyìí, ohun tó fẹ́ fà yọ gbọ́dọ̀ hàn, ohun tí irin náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pa rẹ́. Bí ó bá lu ìbọn náà títí tí kò fi jọ ìbọn mọ́, igi lásán ló kù. Bí ó bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ìbọn ló ṣì ń pa ojú mọ́ni. Àárín méjèèjì ni ọgbọ́n wà.

Ère ìta gbangba tún ní ọ̀tá tirẹ̀, ìyẹn ojú ọjọ́. Monrovia wà lára àwọn olú ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ lágbàáyé. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún lé ní 4,000 mílímítà, ó sì ju ìlọ́po méjì ti Èkó lọ. Atẹ́gùn òkun tó ní iyọ̀ nínú náà ń fẹ́ sí i. Irin tí wọn ò bá kùn, tí wọn ò sì ń tún kùn lóòrèkóòrè, yóò dípẹtà, ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jẹ. Èyí túmọ̀ sí pé ère ìbọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kalẹ̀ kó gbàgbé. Àfi kí ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ Providence Island?

Ibi tí wọ́n gbé igi náà sí ní ìtumọ̀ fún gbogbo ọmọ Làìbéríà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àjọ kan ní Amẹ́ríkà, American Colonization Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1816, ló ṣètò bí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira ṣe wá tẹ̀dó sí etíkun yìí. Àwọn ọmọ wọn ló kéde òmìnira Làìbéríà lọ́dún 1847, àwọn náà ló sì ṣe ìjọba fún ọdún mẹ́tàléláàádóje.

Fún àwọn tó jẹ́ ìran wọn, erékùṣù náà ni ibi tí òmìnira ti bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn ẹ̀yà tí wọ́n bá nílẹ̀, bíi Dei, Bassa, Kpelle, Gio, Mano, Krahn àti Vai, ibẹ̀ ni àlejò ti sọ kalẹ̀ tó wá di ọ̀gá lé onílé lórí. Ìbínú yìí wà lára ohun tí Doe àti àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ gùn lé lọ́dún 1980 tí wọ́n fi pa Ààrẹ William Tolbert. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là lọ sí ọdún 1989.

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe gbé igi tí wọ́n fi ìbọn ṣe sí ibi tí ìtàn ti pín sí méjì dà bí ìgbà tí èèyàn bá da omi sí ojú ibi tí iná ti ràn. Kò wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí i.

Monrovia kì í ṣe àkọ́kọ́

Ní orílẹ̀-èdè Mozambique, ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977 parí lọ́dún 1992. Lọ́dún 1995, Bíṣọ́ọ̀bù Dinis Sengulane ti ìjọ Áńgílíkà àti Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Kristẹni bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń gba ìbọn, tí wọ́n sì ń fi ohun èlò iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìbọn wá lè gba ọkọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere.

Wọ́n gé àwọn ìbọn náà, wọ́n sì kó àjákù wọn fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Maputo. Lọ́dún 2001, Cristóvão Canhavato, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Kester, fi í ṣe àga kan. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí British Museum ní London rà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìbọn tó wà lára àga náà wá láti ilẹ̀ Soviet, Poland, Czechoslovakia, Pọtogí àti North Korea. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà ló ta sílẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Kester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta fi àjákù ìbọn ṣe igi ìyè kan tó ga ju mítà mẹ́ta lọ, èyí tí British Museum àti àjọ Christian Aid bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ láti ṣe.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká kíyè sí. Iṣẹ́ Mozambique tó lókìkí jù lọ wà ní London, níbi tí àwọn tí kò mọ ogun náà ti ń wò ó. Igi ti Monrovia wà ní Monrovia, níbi tí ẹni tí ìbọn náà pa bàbá rẹ̀ àti ẹni tó gbé ìbọn náà ti lè jọ dúró sí iwájú rẹ̀ láìmọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ilé Ògún ti mọ̀ tipẹ́

Fún ọmọ Yorùbá, kò sí ohun tuntun nínú pé irin kan náà lè pani kó sì tún gbani. Ògún ni ń ni ọkọ́ àgbẹ̀, òun ni ń ni àdá ọdẹ, òun náà ni ń ni abẹ oníkọlà àti mọ́tò awakọ̀. Ilé àrọ ni wọ́n ti ń parí ìjà nígbà mìíràn, nítorí ẹni tó bá fi ẹnu kan irin búra kò gbọdọ̀ parọ́.

Ní Abomey, níbi tí wọ́n ti ń pe Ògún ní Gu, alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Akati Ekplékéndo fi irin àlòkù láti Yúróòpù ṣe ère Gu ní nǹkan bí ọdún 1858, nígbà ayé Ọba Glèlè. Àwọn ọmọ ogun Faransé kó o lọ lọ́dún 1894. Láti ọdún 2000 ló ti wà ní ilé Louvre ní Paris. Kò sí lára àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Faransé dá padà fún Benin lọ́dún 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Benin ń béèrè rẹ̀.

Ní Porto-Novo, tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, Calixte àti Théodore Dakpogan, ọmọ ìyá méjì láti ìdílé alágbẹ̀dẹ, fi àjákù mọ́tò àti irin àlòkù ṣe ọ̀pọ̀ ère fún àjọ̀dún vodun tó wáyé ní Ouidah lọ́dún 1993. Ìta gbangba ni wọ́n tò wọ́n sí, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ní Òṣogbo, Asiru Ọlátúndé, tí òun náà jáde láti agbo ilé alágbẹ̀dẹ, di oníṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé mọ̀ nípa lílu bàbà àti alumíníọ̀mù di àwòrán.

Gbogbo wọn fi hàn pé ọ̀nà láti ilé àrọ dé ibi ọnà kò jìn. Ohun tí ti Monrovia fi yàtọ̀ ni pé irin tó lò kò tíì tutù. Àwọn tí ìbọn náà ṣe léṣe ṣì wà láàyè, àwọn tó yìn ín náà ṣì wà.

Ṣé ère lè rọ́pò ìdájọ́?

Ìbéèrè yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ igi náà ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

Lọ́dún 2009, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà Làìbéríà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ó ní kí wọ́n dá ilé ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ láti gbẹ́jọ́ àwọn tó hùwà ọ̀daràn nígbà ogun. Wọn ò dá a sílẹ̀. Prince Johnson, tí fídíò bí wọ́n ṣe dá Doe lóró níwájú rẹ̀ tàn káyé, di sẹ́nétọ̀, ó sì wà lórí oyè títí tó fi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

Ilé ẹjọ́ tó dá Charles Taylor lẹ́jọ́ lọ́dún 2012, tó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún, ìwà tó hù nípa ogun Sierra Leone ló tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ti Làìbéríà. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti rán lọ sẹ́wọ̀n nítorí ogun Làìbéríà, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti gbẹ́jọ́ wọn. Switzerland dá Alieu Kosiah lẹ́bi lọ́dún 2021, Faransé sì dá Kunti Kamara lẹ́bi lọ́dún 2022.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Joseph Boakai buwọ́ lu àṣẹ láti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò ṣètò ilé ẹjọ́ fún ìwà ọ̀daràn ogun àti ti ọrọ̀ ajé. Ìyẹn jẹ́ ogún ọdún ó lé lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbọn.

Láàrin ogún ọdún yẹn, kò pọ̀ ohun tó wà ní ìta gbangba tó ń rán àwọn èèyàn létí ohun tó ṣẹlẹ̀. Sàréè àpapọ̀ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran ní Sinkor. Igi tí wọ́n fi ìbọn ṣe wà ní Providence Island. Nínú irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, ère a máa ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í ṣe adájọ́. Ó lè sọ pé ìbọn wà, pé wọ́n gbà á, pé wọ́n run ún. Kò lè sọ ẹni tó yìn ín, kò sì lè sọ orúkọ ẹni tí ọta bà.

Àwọn kan lè sọ pé ó yẹ kí wọ́n yọ́ gbogbo ìbọn náà pátá, kí ojú má tún rí i mọ́. Ìdí wà fún irú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ọdún 1999 ti fi ohun tó wà nínú sísun ìbọn nìkan hàn. Iná jó, eéfín gòkè, kò sì sí ohunkóhun tó ṣẹ́kù nílẹ̀ tí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lè tọ́ka sí kó béèrè pé, 'Kí ni èyí?'

Ní Làìbéríà òde òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú kò tíì ju ọmọdé lọ nígbà tí ogun parí, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ tíì bí wọn. Wọn kò mọ ìró AK-47. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi òbí wọn lábẹ́ igi irin yẹn, àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀. Ohun tí alágbẹ̀dẹ lè ṣe kò ju kó gé ìbọn, kó jó o pọ̀, kó kùn ún, kó sì gbé e síbi tí wọn ò ti lè ṣe bí ẹni pé wọn kò rí i.